Ọjọ́ Ọjà Tí Ó Sọnù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olùkọ́ Séverin Adéògún (1905–1966)

Ní Kétu, ní agboolé Adéògún, ni a bí Olóògbé Séverin Adéògún sí ní ọdún 1905. Ìgbà ìkórè àgbàdo ni, gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti sọ. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Fadá tí ó ṣe ìrìbọmi fún wọn yan ọjọ́ mìíràn sínú ìwé ìjọ, ọjọ́ yìí sì bọ́ sí àárín ọ̀gbẹlẹ̀. Olùkọ́ máa ń fi ṣẹ̀rín pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí àwọn, ẹ̀ẹ̀kan nínú òjò, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í kánjú.

Bàbá wọn ni Adéògún, ọ̀mọlé, ẹni tí ó máa ń fi okùn wọn ilẹ̀ kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ìyá wọn ni Efúnkẹ́, tí ó ń ta ẹ̀wà àti iyọ̀. Àwọn òbí méjèèjì wà lọ́mọdé nígbà tí ogun fọ́ Kétu, tí a sì kó wọn lọ sí Àgbómẹ̀. Wọ́n ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí ilé padà sí. Efúnkẹ́ a máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé nígbà tí àwọn dé, àwọn rí ibi tí ilé wà, àwọn rí ibi tí kànga wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣe àríyànjiyàn títí kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ó yẹ kí a ná ọjà, nítorí pé lóko ẹrú, kálukú ti ka ọjọ́ tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Olùkọ́ lọ́kàn láti kékeré. Ó di ìwé lọ́jọ́ ogbó wọn.

Ní ọdún 1914, bàbá wọn fi wọ́n sí ilé ìwé àwọn Fadá ní Kétu. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí Olùkọ́ kò gbàgbé títí ayé, ẹbí sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé gbogbo ìyókù ìtàn yìí dúró lé e lórí. Fadá béèrè ní kíláàsì pé ọjọ́ mélòó ni ó wà láti ọjà kan sí èkejì. Gbogbo ọmọ dáhùn pọ̀ pé ọjà ọrún ni, ọjọ́ márùn-ún. Fadá mú ẹfun, ó fa ìlà kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó, ó sì jẹ́ mẹ́rin. Ó ní ó hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ará Kétu bí a ti ń ka nǹkan. Séverin kékeré dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Fadá, ẹ jọ̀ọ́, láti Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Olúwa mọ́ àgbélébùú títí di òwúrọ̀ Àjíǹde, alẹ́ mélòó ni?" Fadá ní méjì. "Kí ló wá dé tí a ń kà á nínú Ìgbàgbọ́ pé ọjọ́ kẹta ni?"

Fadá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "A jẹ́ pé ará Kétu ni àwọn Àpọ́sítélì náà." Ó ṣẹ́ ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún ọmọ náà ní ìdajì.

Láti ọjọ́ náà ni Olùkọ́ ti mọ̀ pé òǹkà méjì ló wà láyé wa. Àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀. Ilé ìwé kì í kà á. Olùkọ́ máa ń sọ pé kò sí èyí tí ó burú nínú méjèèjì. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn fi ọ̀kan béèrè, kí ó sì fi èkejì dáhùn.

Ní ọdún 1920, wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́ láti parí ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì di olùkọ́ ní ọdún 1926. Pobè ni wọ́n kọ́kọ́ rán wọn lọ, lẹ́yìn náà Ṣakété, níbi tí wọ́n ti pẹ́ jù. Wọn kì í na ọmọ nítorí ìṣirò tí ó ṣì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni, "Ó dára. Jáde síta, lọ fi ẹsẹ̀ ṣe é, kí o padà wá sọ ohun tí ilẹ̀ wí fún mi." Ọ̀pọ̀ yín tí ẹ jókòó níbí lónìí ti fi ẹsẹ̀ ṣe ìṣirò rí nínú yanrìn, ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ kì í gba irọ́.

Ní ọdún 1932, wọ́n gbé Irène níyàwó ní Àjàṣẹ́, ọmọ ìdílé Àgùdà, àwọn tí bàbá ńlá wọn padà láti Bràsíì. Aránṣọ ni. Àwọn àna wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin yìí dákẹ́ jù, ṣé ó lè fẹ́ obìnrin tí ó ń kọrin láti àárọ̀ di alẹ́? Irène fún wọn lésì pé, "Ta ni yóò wá gbọ́ orin náà bí àwa méjèèjì bá ń kọ ọ́?" Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbọ́ orin náà. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta, Denise, Ayọ̀délé àti Étienne, ó sì gba Étienne padà kí ó tó hu eyín. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú àdúrà alẹ́ ilé náà rí.

Ní ọdún 1948, iṣẹ́ gbé wọn wá sí Kútọnu. Wọ́n kọ́ ilé sí ibi tí kò jìnnà sí ọjà Missèbo, kí Irène lè rí ibi ta aṣọ tí ó bá rán. Nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní katikísìmù. Ládùúgbò, ilé wọn ṣí sílẹ̀ fún ọmọ gbogbo ènìyàn, ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Mùsùlùmí. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá dé, wọ́n a yí àkókò ẹ̀kọ́ wọn padà sí òwúrọ̀ kùtù, wọ́n a ní ọpọlọ tí ebi ń pa kò lè pín nǹkan sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dàhòmì gba òmìnira. Àwọn ará ilé jáde lọ wo àsíá tuntun. Olùkọ́ náà lọ, wọ́n sì padà wálé. Nígbà tí Irène bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń rò, wọ́n ní àwọn ń rò pé ọmọ Kútọnu lè ka orúkọ gbogbo ọba Faransé láìsinmi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í bí ìyá ńlá rẹ̀ ṣe ń mọ ọjọ́ ọjà, yóò máa wo àjà. Àti pé ìṣirò ń ba àwọn ọmọ lẹ́rù bí ẹni pé àjèjì ni, bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ló ti wá.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé ní èdè wa, ìtàn ayé àtijọ́, tí ìṣirò wà nínú rẹ̀ bí egungun ti wà nínú ẹja. Ọmọ inú ìtàn kò ní lè sọdá odò àfi bí ó bá mọ iye igi tí ó yẹ kí ó gé. Ẹni tí ń kà á yóò sì gé igi náà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, "Okùn Kan, Ìlú Kan", jáde ní ọdún 1961. Ó dá lórí ìlú kan tí ó ní okùn kan ṣoṣo láti fi sàmì sí ibi tí odi rẹ̀ yóò gbà, àwọn àgbà sì ń jiyàn bóyá kí odi náà ní igun mẹ́rin ni tàbí kí ó rí roboto.

Olùkọ́ ní òfin kan nínú iṣẹ́ yìí: wọn kì í kọ ìṣirò kankan sínú ìtàn títí àwọn ọmọ yóò fi fi ara wọn ṣe é. Nítorí okùn yẹn, wọ́n kó gbogbo ọmọ àdúgbò lọ sí etí òkun. Wọ́n fi okùn náà ṣe igun mẹ́rin nínú yanrìn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀ kí wọ́n sì fún ara wọn pọ̀ títí kò fi ní gba ẹnì kan mọ́. Wọ́n tún fi okùn kan náà ṣe roboto. Àwọn ọmọ tí ó ti wà lóde tẹ́lẹ̀ rí ibi dúró sí nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pariwo ayọ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà là lọ́wọ́ ogun. Olùkọ́ kò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n lọ sílé, wọ́n lọ kọ orí kẹta.

Irène ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà mìíràn yóò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, yóò ní, "Bàbá Denise, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí jẹun kí ó tó tún ṣe ìṣirò mìíràn. Láti àná ló ti ń rìn." Olùkọ́ a sì padà lọ fún ọmọ náà ní iṣu. Bí ẹ bá tún àwọn ìwé wọn kà, ẹ ó rí i pé kò sí orí kan tí ẹnikẹ́ni kò ti jẹun.

Ní ọdún 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, "Ọjọ́ Ọjà Tí Ó Sọnù". Ìlú kan ni wọ́n dá sílẹ̀ nínú ọkàn wọn, tí ogun tú ká, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà dé tí wọn kò mọ ọjọ́ ọjà wọn mọ́. Ohun tí wọ́n rántí kò ju pé ọjà tiwọn máa ń tẹ̀lé ti ìlú Ìgbórò ní ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àyọ̀ká pàdé oníṣòwò kan lójú ọ̀nà, ẹni tí ó kúrò ní Ìgbórò lọ́jọ́ ọjà ibẹ̀, tí ó sì ń ta okùn rẹ̀ ní kókó kan ní alaalẹ́ kí ó má bàa ṣìnà nínú ọjọ́. Kókó mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ó wà lórí okùn náà. Àyọ̀ká kà wọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin, nítorí pé alẹ́ mẹ́rin ni ó wà láti ọjà ọrún kan sí èkejì. Ó rí ìdì mọ́kànlá, ó ku kókó mẹ́ta. Ó wá mọ̀ pé alẹ́ òní ni yóò pé mẹ́rin, ọ̀la ni Ìgbórò yóò ná ọjà, ọ̀tunla sì ni tiwọn. Ní ọ̀tunla, ó gbé igbá iyọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sí pápá tí igbó ti bò. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n tẹ̀lé e. Ọjà kún.

Olùkọ́ ta okùn náà fúnra wọn, wọ́n fún àwọn ọmọ kí wọ́n kà á, wọ́n sì so ó kọ́ sára ìṣó lókè ibùsùn wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964, kí wọ́n tó kọ orí méjì tí ó kẹ́yìn, àìsàn dé. Apá ọ̀tún wọn rọ. Ọwọ́ tí ó ti mú ẹfun fún ọdún méjìdínlógójì kò lè mú ṣíbí mọ́. Èyí jẹ́ àkókò tí ó le fún ilé náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìtàn náà fún Denise, àkọ́bí wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ganhi, ní Kútọnu níbí, gbà á. Ràṣídì, tí Olùkọ́ kọ́ ní Ṣakété, tí òun náà ti di olùkọ́ ní Kútọnu, ni ó gbà láti ka ìwé náà fún àtúnṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Ràṣídì fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ẹbí má fi èyí pamọ́. Ó dé orí kẹfà, ó rí i pé ọjà ọrún ni Àyọ̀ká ń wá, síbẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń ka kókó. Ó rò pé àìsàn ló da ọ̀rọ̀ rú. Nítorí ìfẹ́, kí ojú má bàa ti olùkọ́ rẹ̀, ó yí mẹ́rin sí márùn-ún, ó yí ìdì mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án, ó yí kókó mẹ́ta tí ó kù sí méjì. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, ẹ̀dà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jáde.

Nígbà tí ìwé wọlé, Olùkọ́ ní kí Denise ka orí kẹfà fún àwọn. Bí ojú rẹ̀ ti kan márùn-ún, ó mọ̀ pé ìṣirò náà ti dàrú: bí Àyọ̀ká bá kà á báyìí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni yóò gbé iyọ̀ dé pápá, kò sì ní bá ẹnì kan níbẹ̀. Denise kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yẹ̀. Ó ka ohun tí bàbá rẹ̀ sọ, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ìwé. Olùkọ́ mi orí, wọ́n sùn. Ilé sì gbà láàárín ara wọn pé a kò ní sọ fún Olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, Ayọ̀délé, àbúrò Denise, wọlé láti ibi iṣẹ́ láìmọ nǹkan kan. Olùkọ́ ní kí òun náà ka orí kẹfà, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn orí náà. Ó kà á bí a ti tẹ̀ ẹ́, ketekete. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Irène. Olùkọ́ ní, "Ayọ̀délé, tún ibẹ̀ kà." Ó tún un kà. Olùkọ́ wo Denise, wọ́n ní, "Ìwé tìrẹ dára ju ti àbúrò rẹ yìí lọ o, Denise. Níbo lo ti rà á?" Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, wọ́n kọ ojú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ràṣídì gbọ́, ó dé ní ọjọ́ kẹta, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún. Olùkọ́ ní kí ó dìde, aṣọ rẹ̀ funfun. Wọ́n bi í pé, "Ràṣídì, ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Olùkọ́." Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo kọ́ ọ ní òǹkà ilé ìwé, mo gbàgbé láti kọ́ ọ ní ti ìyá rẹ. Jókòó."

Ayọ̀délé fẹ́ kí a jó gbogbo ẹ̀dà náà. Ràṣídì fẹ́ jókòó fi pẹ́ẹ̀nì tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ní, "Bí ẹ bá tún un ṣe, ìdáhùn ni àwọn ọmọ yóò rí. Wọn ò ní rí ọ̀nà." Wọ́n ní kí a tẹ bébà kékeré kan, kí a fi há inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: "Ọmọ mi, àṣìṣe kan wà nínú ìwé yìí. Àyọ̀ká dé ọjà ní ọjọ́ tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìṣirò tí a kọ kò lè gbé e débẹ̀. Bí o bá rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀, wá sọ fún mi nílé."

Ẹbí kò ní purọ́: ẹ̀rù bà wá. Ìwé ti lọ sí Kétu, sí Pobè, sí Ṣakété. Bí kò bá sí ọmọ kan tí ó rí i, a jẹ́ pé iṣẹ́ ìkẹyìn Olùkọ́ yóò kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́, Olùkọ́ yóò sì mú ìbànújẹ́ yìí wọ inú ilẹ̀. Wọ́n fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti ró, ojú wọn a lọ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ wá lóòótọ́. Ọ̀kan ní àṣìṣe náà ni pé ewúrẹ́ inú orí kejì dúdú, ó sì di funfun ní orí kẹrin. Òótọ́ ni, Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní àṣìṣe náà ni pé kò yẹ kí ọmọbìnrin ṣáájú àwọn àgbà lọ sọ́jà. Irène ní kí ó lọ tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á lórí ìdúró. Oṣù mẹ́rin kọjá báyìí. Ọkàn Olùkọ́ ń rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí Fadá wá fi òróró mímọ́ yàn wọ́n, wọ́n gbà á tọkàntọkàn, wọ́n sì sọ fún un pé, "Fadá, mo ti ṣetán, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ Olúwa kí ó fún mi láyè díẹ̀. Mo ń retí ọmọ kan."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún yìí, ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ilé. Búrẹ́mọ̀, awakọ̀ tí ń gbé Godomey, ni ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, Hàwáù, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá ọmọ náà kí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Gbogbo okùn ọkọ̀ mi ló ti ta ní kókó. N kò rí èyí tí n ó fi di ẹrù mọ́. Mo tú u, ó tún un ta. Mo bi í, ó ní ìwé ló ní kí òun ṣe é."

Hàwáù kò wo bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nídìí ibùsùn, ó sì ní, "Bàbá Olùkọ́, mo ti rí i. Mẹ́rin ló yẹ kí Àyọ̀ká máa kà, kì í ṣe márùn-ún." Olùkọ́ ní, "Ṣùgbọ́n ọjà ọrún ni. Àwọn àgbà ló ní márùn-ún. Ṣé àwọn àgbà purọ́ ni?"

Denise wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Hàwáù ní, "Rárá o, Bàbá. Àwọn àgbà kò purọ́. Wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀mejì ni, ẹ̀ẹ̀kan fún ọjà tí ó tán, ẹ̀ẹ̀kan fún èyí tí ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn kò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ kan, kókó kan."

Olùkọ́ di ojú. A rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Nígbà tí wọ́n la ojú, omi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí ìṣó tí ó wà lókè orí wọn. Denise mú okùn oníkókó náà sọ̀ kalẹ̀, Olùkọ́ sì fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún Búrẹ́mọ̀ pé, "Má bínú sí i mọ́. Ó ti ní okùn tirẹ̀ báyìí." Búrẹ́mọ̀ dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, Bàbá. Ẹ bá mi sọ fún un kí ó fi èmi pẹ̀lú ọkọ̀ mi sílẹ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Olùkọ́ sùn wọra títí ilẹ̀ fi mọ́, èyí tí wọn kò ṣe láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ràṣídì ń bọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ń ṣe àwàdà bíi ti Ṣakété àtijọ́. Ọmọ méjì mìíràn tún wá láti Pobè pẹ̀lú ìdáhùn tí ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú Olùkọ́ kò lọ sí ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n jẹun. Wọ́n ní kí Irène máa kọrin. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1966, bí orin náà ti ń lọ lọ́wọ́, wọ́n fi wá sílẹ̀. Kò sí ìjà nínú rẹ̀. Irène ni ó kọ́kọ́ mọ̀, ó sì kọ orin náà parí.

Olùkọ́ fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ láti máa rántí wọn: Màmá Irène Adéògún, ìyàwó wọn, Denise àti Ayọ̀délé, àwọn ọmọ wọn, Pascal, Bernadette àti Títílọlá, àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ràṣídì, tí wọ́n pè ní ọmọ, ẹbí Adéògún ní Kétu àti àwọn àna ní Àjàṣẹ́, àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ ilé ìwé tí ẹbí kò lè ka orúkọ wọn tán. Hàwáù, ọmọ Búrẹ́mọ̀, wà láàárín wa níbí, okùn náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ràṣídì ni ó ka ìwé yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a sọ fún yín pé òun kò yí nǹkan kan padà.

Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó wá. A mọ̀ pé ẹ̀yin kan ń wò wá pé ẹkún wa kéré. A ti sun ẹkún náà ní oṣù mẹ́rin tí kò sí ọmọ tí ó wá. Ọpẹ́ ló ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́, ó sì pọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Olùkọ́ lọ, òní sì jẹ́ Sátidé. Ní òǹkà ilé ìwé, ọjọ́ méjì ni. Ní òǹkà àwọn àgbà, àti ti àwọn Àpọ́sítélì, ọjọ́ kẹta ni. Ẹbí ti mú ti àwọn àgbà. Nítorí náà, ẹ bá wa ka Ọjọ́bọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún ọjà tí ó tán, ẹ̀ẹ̀kan fún èyí tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sùn re, Olùkọ́. Kí Étienne wá pàdé yín lójú ọ̀nà. Ọjọ́ pé, ìṣirò bọ́ sí i, ẹ kò sì ní bá pápá náà ní òfìfo.